Mo Lọ Kọ́ Àwọn Ìjẹ̀ṣà Bí A Ti Ń Kọ Orúkọ Sára Ìgò Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o. Ẹ má wò ó pé mo sanra, iyán ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bi mí láti ìjẹta pé "Báwo ni wọ́n ṣe rí lọ́hùn-ún?" bí ẹni pé òkun ni mo là kọjá, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá jẹun yó ní Òṣogbo kó tó wọkọ̀, ebi ò tíì ní pa á tí yóò fi dé Iléṣà. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn nìkan. Ìyá mi, tí kò fi Òṣogbo sílẹ̀ rí ju ìgbà tó lọ Mẹ́kà lọ, ń nu ojú nígbà tí mo ń di ẹrù. Ó ní, "Àwọn Ìjẹ̀ṣà yẹn, ṣé wọ́n ń kírun?" Mo ní àwọn tó ń kírun wà nínú wọn. Ó ní kí n ṣáà mú bútà mi dání.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń yẹ̀ wò ní láàbù kan níbí. Láti Iléṣà, Ìbòkun àti àwọn abúlé tó yí wọn ká ni wọ́n ti ń kó ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, fún àwọn àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ tiwọn kò lè ṣe. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń kó wá náà, ẹ gbà mí! Òmíràn á ti dì bí ẹ̀kọ. Òmíràn, ọ̀kadà á ti mì ín títí omi orí rẹ̀ á fi pọ́n bí sóbò. Òmíràn á dé láìlórúkọ, bí ọmọ tí wọ́n gbé jù sí ìdí mọ́ṣáláṣí. Àwọn aláìsàn rò pé ẹ̀rọ ló máa ń ṣìṣe. Ẹ̀rọ kì í sábà ṣìṣe. Nǹkan á ti bàjẹ́ nínú ìgò kí ìgò tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kàn ń ka ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ni.

Èmi ni mo máa ń kọ ìwé ìdápadà sí wọn, mo sì máa ń fi ata sí i. Mo kọ sí wọn nígbà kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ lẹ fi ránṣẹ́ ni àbí ọbẹ̀?" Ọ̀gá mi, ọkùnrin jẹ́jẹ́, rí i. Kò bínú. Ó kàn ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Iléṣà ní kí á rán ẹnì kan wá kọ́ àwọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwọ ni wàá lọ." Ẹnu mi ló kó bá mi.

Nínú ọkọ̀

Ìyá Ìjẹ̀ṣà kan ló jókòó tì mí. A ò tíì kúrò ní gáréèjì tó ti fún mi ní àgbàdo sísè, kó tó bi mí bóyá mo ń jẹ àgbàdo. Mo gbà á. Àṣé owó ìbéèrè ló san sílẹ̀ yẹn. Ọmọ ta ni mí? Ṣé mo ti lọ́kọ? Ọmọ mélòó? Kí ló dé tó jẹ́ méjì péré? Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Òṣogbo ni mí, ó gbá mi nítan. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ lódò tí ẹ ò gbọdọ̀ jẹ ẹja inú rẹ̀!" Mo ní a ń jẹ ẹja, ẹja odò ẹlòmíràn la ń jẹ. Ẹ̀rín pa gbogbo ọkọ̀.

Kí àwọn tó ń lọ Ìbòkun tó sọ̀ kalẹ̀, ìyá yìí ti mọ àrùn tó pa bàbá mi, èmi náà sì ti mọ ọmọ rẹ̀ tó ń fi ojú rẹ̀ rí màbo. Nígbà tí ó ń lọ, ó ní, "Ó dàbọ̀ o, ìyá ọmọ." Mo ní, "Ó dàbọ̀, mà." Mo rò ó pé Ìjẹ̀ṣà mọ èèyàn ṣe.

Ní ti èdè wọn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, orí ni mo ń mì. Wọ́n á sọ̀rọ̀, màá rẹ́rìn-ín. Wọ́n á tún un sọ, màá dúpẹ́. Ìgbà kan mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan, àṣé ó ní kí n kúrò lójú ọ̀nà. Nítorí náà, gbogbo Ìjẹ̀ṣà inú ìròyìn yìí, Yorùbá Òṣogbo ni mo fi sí wọn lẹ́nu. Kí wọ́n dárí jì mí.

Màmá Tíṣà

Ilé ìyá àgbà kan ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ní ìlú yẹn. Gbogbo àdúgbò, tọmọdé tàgbà, Màmá Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Gẹ̀gẹ̀ kan wà lọ́rùn rẹ̀, tó tó ọsàn ńlá, tó máa ń fi ìborùn bò. Tó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀, èémí rẹ̀ á máa dún bí ìkòkò tí omi rẹ̀ fẹ́ hó. Tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá mi. Ìjókòó ló ń sùn.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo dé, ó gbé iyán síwájú mi. Ẹ̀yin ará Òṣogbo, a ò tíì jẹ iyán. Ohun tí à ń jẹ nílé yìí, iṣu tí wọ́n halẹ̀ mọ́ ni. Iyán Màmá funfun, kò ní kókó kan, ó ń fà bí ẹni tí kò fẹ́ kí n lọ sílé. Mo ń wo ọbẹ̀ lójú, mo ń rò ó bí mo ṣe fẹ́ béèrè bóyá wọ́n ṣe Bísímílà sí ẹran náà. Ó rí mi. Ó ní, "Ọmọ Òṣogbo, ẹja ni. Mo ti kọ́ ọmọ Mùsùlùmí tó pọ̀. Jẹun."

Mo ń jẹun lọ, ó ń sọ̀rọ̀. Dókítà tó máa yọ gẹ̀gẹ̀ náà, Ìbàdàn ló ti ń wá, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá ọjọ́ fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti yẹ̀, nítorí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Ìgbà kẹta ló ń bọ̀ yìí, ní ọ̀sẹ̀ tí èmi máa lò kẹ́yìn. Dókítà sì ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé gẹ̀gẹ̀ náà ti ń tẹ ọ̀nà èémí. Kò dá òun lójú pé Màmá lè dúró de oṣù mẹ́ta mìíràn.

"Òṣogbo yín ni wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ mi lọ," ni Màmá wí. "Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ó ti bàjẹ́ lọ́nà. Ìgbà kejì, ìyá kan níbẹ̀ kọ̀wé sí i pé, 'Màmá Tíṣà wo? Ṣé ìgò kan ṣoṣo ni gbogbo tíṣà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pín ni?'"

Ó rẹ́rìn-ín títí èémí fi ń dún lọ́fun rẹ̀. Iyán kì í há èèyàn lọ́fun. Ó há mi. Mo mu omi ife méjì.

"Irú èèyàn wo ló máa kọ irú ìyẹn?" ló bi mí.

Mo ní, "Aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, mà."

Ojú tì mí débi pé mi ò rí ẹja inú ọbẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé mo ṣìṣe o. Ìgò tí kò lórúkọ, dídá padà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń kọ ìwé yẹn, ìgò ni mo ń wò. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ń sùn lórí ìjókòó nítorí rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pinnu pé ẹ̀jẹ̀ ìyá yìí kò ní bàjẹ́ nígbà kẹta. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni màá fi gbà á.

Láàbù wọn

Ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ní láàbù wọn ni Fúnmi, abiyamọ kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn ò ní mọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọlé. Mo ti múra àti bá òpònú pàdé. Mo bá ọmọlúàbí, ìyẹn ló tiẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀.

Fúnmi á so rọ́bà mọ́ aláìsàn lápá kí iṣan lè yọ. Ó yẹ kó gba ẹ̀jẹ̀ kíá, kó tú u. Ṣùgbọ́n aláìsàn ń kí i, ṣé kó má dáhùn ni? "Ilé ńkọ́?" "Wọ́n wà." "Ìyá rẹ ńkọ́?" "Wọ́n ní kí n kí yín." "Ọmọ?" "Ó ti ń rìn." Ẹ̀jẹ̀ á ti sé sínú apá ní gbogbo àkókò yìí, ohun inú rẹ̀ á ti dàrú. Mo ní, "Fúnmi, kí wọn tán kó o tó so rọ́bà." Ó wò mí bí ẹni pé mo bu òkun wá fún un. Ó ní ẹnikẹ́ni ò sọ ìyẹn fún òun rí.

Ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbé kúlà ẹ̀jẹ̀ lọ sí Òṣogbo wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bọ̀dá Lékè ni wọ́n ń pè é. Kò ní gbàgbé àti fi yìnyín sínú kúlà o. Àmọ́ yìnyín yẹn, omi tútù tí òun fúnra rẹ̀ ń mu lọ́nà náà wà láàrin rẹ̀, ó sì máa ń gbé kúlà sínú oòrùn tó bá fẹ́ yà jẹun. Nígbà tí mo bá a wí, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ èèyàn kọ́ ni? Ṣebí inú ooru ló ti jáde." Mo kàn gbé kúlà náà wọ inú ibòji.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá kan tó wá láti Iperindo, tó ń wa góòlù. Wọ́n ní kó má jẹun wá, nítorí àyẹ̀wò ṣúgà. Ó búra pé òun ò jẹun. Ṣúgà rẹ̀ yọ, ó lọ sókè réré. Fúnmi ti ń kó àánú rẹ̀ sójú. Ara fu mí. Mo ní, "Bàbá, kí ló kan ẹnu yín kẹ́yìn?"

"Ẹ̀kọ mẹ́ta àti àkàrà. Mo fi tíì gbígbóná lé e."

"Ẹ ní ẹ ò jẹun!"

Inú bí i. "Ṣé ìyẹn loúnjẹ? Ìwọ ò gbọ́ rí ni? Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú."

Gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní òótọ́ ni bàbá sọ. Èmi nìkan ni àjèjì níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, a ò bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé ṣé ó ti jẹun. Ohun tó kan ẹnu rẹ̀ kẹ́yìn là ń bi í. Àìmọye àtọ̀gbẹ ló pòórá nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló wá le jù. Mo gbé àgbékọ́ tí wọ́n ń to ìgò sí, mo ka ohun tó wà lára wọn: "Ìyá Ìbejì." "Bàbá Onígi." "Màmá Òkè." Mo pe Fúnmi. Mo ní kí ni gbogbo èyí?

Ó kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹni tó tó bàbá mi bí lọ́mọ, ṣé kí n dojú kọ wọ́n kí n ní kí lorúkọ yín? Wọ́n á ní ta ló kọ́ mi."

"Màmá Tíṣà tí mo wọ̀ sílé rẹ̀ ńkọ́?"

"Ha! Wọ́n kọ́ ìyá mi, wọ́n kọ́ èmi náà. Akọ̀wé tó kọ káàdì wọn, wọ́n ti nà án ní kíláàsì kẹta. Ta ló fẹ́ bi wọ́n?"

Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ẹ̀kọ́ ilé ló ń pa àwọn èèyàn yìí. Mo wá kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe é: ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ẹ̀jẹ̀ yín má baà ṣi ilé yà, ẹ fi ẹnu ara yín sọ orúkọ yín." Ẹ má bá wọn sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ níwájú wọn kí wọ́n tó dìde. Ẹ wá fi orúkọ náà pè wọ́n, kí wọ́n jẹ́ ẹ. Ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, kó ṣeé kà.

Bàbá kan bi wá bóyá ọlọ́pàá ni wá. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ láti orí oríkì, ó ń bọ̀ wá bá orúkọ ìsàmì, àyè ara ìgò sì ti tán kí ó tó dé orúkọ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bọ́ sí i. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa parí, ọ̀gá mi pè láti Òṣogbo. Ó ní ìgò wọn ti ń dé mímọ́ tónítóní, kí ni mo fún wọn jẹ? Mo ní kò kúkú ṣòro, sùúrù ló gbà. Ẹ ò rí bí mo ṣe wú. Àyẹ̀wò Màmá tó lọ sí Òṣogbo, èyí tí mo gbà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ rẹ̀ kọ orúkọ sí tó sì gbé lọ fúnra rẹ̀, náà jáde dáadáa. Ohun kan ló kù: kí á mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí á sì wá èyí tó bá a mu sílẹ̀, nítorí dókítà kò ní fi ọ̀bẹ kan ọrùn ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀.

Ìgò méjì

Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, mo kírun àsùbáà tán, mo wẹ ọwọ́, mo kó irinṣẹ́ mi lọ bá Màmá ní pálọ̀. Fúnmi ti ní òun máa gbà á tí Màmá bá dé ọsibítù. Mo ní rárá, ti Màmá yìí, èmi ni. Mo kí i tán kí n tó so rọ́bà. Mo tú u kíá. Mo yí ìgò jẹ́jẹ́, mi ò mì ín. Ká ní wọ́n ń fi máàkì sí i ni, ọgọ́rùn-ún ni mo gbà.

Mo wá mú báírò láti kọ orúkọ. Ọwọ́ mi dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń jẹ oúnjẹ ìyá yìí. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ó sì ti gbé ọwọ́ lé mi lórí nígbà náà, ó di ojú, ó ń wúre: "Ọmọ mi, ìwọ náà máa rí ẹni tọ́jú ẹ. O ò ní fi ọwọ́ ara ẹ sin ohun tí o bí." Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi. Ṣé ibẹ̀ ni kí n ti la ẹnu kí n ní, "Ẹ gbà mí láyè mà, kí lorúkọ yín"? Kó wá mọ̀ pé mi ò béèrè láti ọjọ́ yìí? Mo ní "Àmín." Mo ní nínú ara mi pé ta ni kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n? Mo kọ MÀMÁ TÍṢÀ sára ìgò, ní lẹ́tà gàdàgbà.

Mo gbé e dé láàbù, mo fi sínú àgbékọ́, mo jáde lọ dá ọ̀gá mi lóhùn lórí fóònù. Nígbà tí mo padà, Fúnmi dúró ti àgbékọ́, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wá."

Ìgò méjì ló wà níbẹ̀, ìdérí kan náà, pílásítà funfun kan náà. MÀMÁ TÍṢÀ. MÀMÁ TÍṢÀ. Kúlà ti dé láti Ìbòkun, tí àwọn náà máa ń kó ẹ̀jẹ̀ wá sí láàbù yìí láti mọ irú rẹ̀, ibi tí mi ò tíì ráyè dé láti kọ́ wọn, àmọ́ tí wọ́n ti gbọ́ ti lẹ́tà gàdàgbà. Tíṣà pọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bí erùpẹ̀. Ẹni tó gba kúlà kàn to ìgò pọ̀ ni.

"Èwo ni tiwa?" ni Fúnmi bi mí.

"Èyí." Mo tọ́ka sí ti ọwọ́ òsì.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ṣé mi ò mọ ìwé ọwọ́ ara mi ni?"

Fúnmi mú ìgò méjèèjì. Ó kán díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú mi. Ti ọwọ́ òsì, B. Ti ọwọ́ ọ̀tún, O. Tí ẹ bá fa ẹ̀jẹ̀ B sí ara tó jẹ́ O, ara á bá a jà, ó sì lè pa onítọ̀hún kí wọ́n tó rán ọrùn rẹ̀ tán. Mo mọ̀. Fúnmi mọ̀.

Ó ní, "Àǹtí, tí mo bá ní kí wọ́n gbé B wá fún Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa dúró tì wọ́n títí á fi kán tán?"

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní ta ló ń kọ́? Mo ní èmi ni mo kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀, pé kó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Fúnmi kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mi ò ní ṣe é."

Mo kórìíra rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Mo tún wo ìgò méjèèjì. Mo wò wọ́n títí lẹ́tà fi ń jó lójú mi. Mo la ẹnu láti búra, ìbúra ò jáde. Mi ò mọ̀. Nínú gbogbo ayé yìí, mi ò mọ èwo ni ẹ̀jẹ̀ ìyá tó ń fún mi lóúnjẹ. Ẹ̀rù bà mí. Fúnmi ló fa àga fún mi.

Ó ní, "Kò tíì bàjẹ́, Àǹtí. Dókítà ní òun lè dúró títí di ọ̀sán. Ká pe Ìbòkun kí wọ́n béèrè orúkọ Màmá tiwọn. Ẹ̀yin, ẹ lọ gba òmíràn."

Bẹ́ẹ̀ ni, gbígbà ò ṣòro. Bíbéèrè ló kù.

Ní wọ́ọ̀dù

Màmá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti wọ ẹ̀wù iṣẹ́ abẹ fún un. Nọ́ọ̀sì kan dúró lápá kan, akọ̀wé tó ń mú káàdì dúró lápá kejì; ọmọ ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ ni àwọn méjèèjì. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà láàárọ̀, mi ò kọ orúkọ sí i bó ṣe yẹ. Ó ti dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Mo fẹ́ gba òmíràn." Mo ní bí mo ti bẹ̀rẹ̀, kí n kúkú sọ ọ́ tán. "Màmá, ìyá Òṣogbo tó kọ ìwé yẹn sí yín, tó ní Màmá Tíṣà wo. Èmi ni."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí.

"Ẹ mọ̀?"

"Láti alẹ́ tí iyán há ọ lọ́fun. Ogójì ọdún ni mo fi wo ojú ọmọ tó jẹ̀bi." Ó mí, ó dúró kí èémí tó padà. "Mo ń dúró kó o sọ ọ́ ni."

Omijé ti ń bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ẹnu ara yín sọ orúkọ yín."

Nọ́ọ̀sì ń wo ògiri. Akọ̀wé yí ojú sí fèrèsé, bí ẹni tí wọ́n tún fẹ́ nà. Màmá ń wò mí, mo rò pé ó fẹ́ bú mi. Àṣé ó ń wá orúkọ náà ni.

"Ọkọ mi ń pè mí ní Ìyá Dàpọ̀, kó tó lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá Tíṣà. Ìwọ náà, Màmá." Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. "Ọmọ́wùmí ni. Ọmọ́wùmí Àṣàkẹ́ Fágbèmí."

Mo gba ẹ̀jẹ̀ náà. Mo kọ ọ́ sára ìgò níwájú rẹ̀, mo fi hàn án. Ó kù kí n pè é, kó jẹ́ ẹ. Òfin tí èmi fúnra mi gbé dé ni. Ẹ̀yin ará ilé, mi ò bú àgbà rí láyé mi, àmọ́ bó ṣe rí lẹ́nu mi nìyẹn, bí èébú. Mo dorí kodò.

"Ọmọ́wùmí."

"Mà!"

Ó já lẹ́nu rẹ̀ kíá, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ṣe ń jẹ́ ìyá rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Kì í ṣe ohùn àgbàlagbà rárá. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún. Màmá ní, "Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú." Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Fúnmi ló yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. O ni. Ti Ìbòkun ni ìgò ọwọ́ òsì, èyí tí mo nawọ́ sí. Ó kọ O sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i, ó gbé ìwé fún mi kí èmi náà fọwọ́ sí i.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa, Alihamudulilahi. Nígbà tí mo lọ dágbére fún un, ó ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Dókítà ní kó má sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ń lọ sílé, mà. Ó ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n mú báírò wá. Ó kọ ọ́ sórí ìwé: "Ìwọ ńkọ́?"

Mo rò pé ìlera mi ló ń béèrè. Mo ní mo wà dáadáa, mà.

Ó mi orí. Ó tún kọ ọ́: "Orúkọ rẹ. Ní kíkún."

Ó yà mí lẹ́nu. Ọmọ Òṣogbo ló ti ń pè mí láti ọjọ́ tí mo dé. Mo gba ìwé náà, mo gbé e lé orúnkún mi, mo kọ ọ́: Sìdíkátù Àbẹ̀kẹ́ Ọláníyan. Màmá kà á jẹ́jẹ́, ètè rẹ̀ ń mì, kò sóhùn. Ó wá gba báírò lọ́wọ́ mi, ó fa máàkì gbọọrọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí tíṣà ṣe ń fà á fún ọmọ tó gbà á.